Ìbọn Ìléwọ́ Àlòkù: Kí Ni Kí Ọmọ Mi Yẹ̀ Wò Kó Tó Sanwó?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú wa ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Èbúté-Mẹ́ta ni mo ń gbé, ṣùgbọ́n ọmọ mi ọkùnrin wà ní ìlú Houston ní ìpínlẹ̀ Texas, níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ alẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù ilé epo kan. Àwọn olè ti wọ ibẹ̀ rí, wọ́n sì na ìbọn sí ẹni tó wà nídìí owó. Ọmọ náà sọ fún mi pé òun fẹ́ ra ìbọn ìléwọ́, ṣùgbọ́n owó tó wà lọ́wọ́ òun kò ju 350 dọ́là lọ, nítorí náà àlòkù ni òun ń wá. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ti ní òun yóò ta tòun fún un ní 150 dọ́là. Èmi kò mọ nǹkan kan nípa ìbọn ju ti àwọn ọdẹ abúlé wa lọ. Báwo ni èèyàn ṣe ń mọ̀ bóyá ìbọn àlòkù ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé? — Bàbá Ọláolúwa, Èbúté-Mẹ́ta.

Ìdáhùn: Bàbá, ẹ kú àníyàn ọmọ. Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ ọ fún yín lẹ́nu iṣẹ́ alẹ́ náà.

Kí ó tó wo ìbọn kankan, ìwé ìgbélùú tirẹ̀ gan-an ni kí ó kọ́kọ́ wò. Òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà kò gba ẹni tó wà níbẹ̀ pẹ̀lú físà onígbà díẹ̀ láyè láti ní ìbọn tàbí ọta lọ́wọ́, ìbáà jẹ́ físà akẹ́kọ̀ọ́ tàbí ti òṣìṣẹ́, àyàfi bí ó bá wà lára àwọn díẹ̀ tí òfin yọ sílẹ̀, irú bí ẹni tó ní ìwé àṣẹ ọdẹ tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá. Ẹni tó ní green card tàbí tó ti di ọmọ ìlú lè rà á. Mo fi ọ̀rọ̀ yìí ṣíwájú nítorí pé ọ̀pọ̀ ọmọ wa ló rò pé bí àwọn ará ìlú ṣe ń ra ìbọn ní Texas náà ni àwọn lè ṣe rà á, bẹ́ẹ̀ ẹni tí kò lẹ́tọ̀ọ́ sí i tí wọ́n bá a lọ́wọ́ rẹ̀ lè lọ sẹ́wọ̀n, kí wọ́n sì tún dá a padà sílé lẹ́yìn ẹ̀wọ̀n náà. Bákan náà, ẹni tí kò tíì pé ọmọ ọdún 21 kò lè ra ìbọn ìléwọ́ lọ́wọ́ oníṣòwò tó ní ìwé àṣẹ.

Ní ti ìbọn 150 dọ́là yẹn, mo fẹ́ kí ẹ fọkàn balẹ̀ gbọ́ mi. Òfin Texas kò ní kí ènìyàn méjì tó ń gbé nínú ìpínlẹ̀ náà lọ sọ́dọ̀ oníṣòwò kí wọ́n tó tajà fún ara wọn, ṣùgbọ́n èmi kò ní gbà kí ọmọ mi rà á bẹ́ẹ̀. Kí òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ jọ lọ sí ṣọ́ọ̀bù oníṣòwò ìbọn kan, kí wọ́n san owó kékeré tí ó máa ń gbà fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, kí ọmọ yín kọ ọ̀rọ̀ sínú ìwé tí wọ́n ń pè ní Form 4473, kí wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò lọ́dọ̀ FBI, iléeṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Amẹ́ríkà, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe é láti ọdún 1998. Ìwé yìí ni yóò jẹ́rìí rẹ̀ lọ́jọ́ iwájú bí wọ́n bá béèrè ibi tí ìbọn náà ti wá. Bí nọ́ńbà tó wà lára ìbọn bá ti parẹ́, tàbí tó dà bí ohun tí wọ́n fi fáìlì gé, kí ó dá a padà fún ẹni tó mú un wá, kí ó sì máa lọ, bó ti wù kí ó pọ́ọ́kú tó. Bí ọ̀rẹ́ náà kò bá fẹ́ dé ṣọ́ọ̀bù, òun náà ti dáhùn ìbéèrè yín nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí a wá sórí ìbọn fúnra rẹ̀. Olówó pọ́ọ́kú pín sí oríṣi méjì, wọn kò sì jọra rárá. Láti ọdún 1970 títí dé àwọn ọdún 1990, àwọn ilé iṣẹ́ kan ní agbègbè Los Angeles, irú bíi Raven, Jennings, Lorcin, Davis àti Bryco, ṣe ọ̀pọ̀ ìbọn kéékèèké tí wọ́n fi sínkì yíyọ́ mọ. Wọn kò lágbára tó irin tí wọ́n fi iná dán wò, wọ́n máa ń sán, wọ́n sì máa ń há, nítorí náà bí ó bá rí irú wọn ní 80 dọ́là, kí ó má rà á fún iṣẹ́ ààbò. Hi-Point, tí wọ́n ń ṣe ní Ohio, náà ń lo sínkì, ó sì wúwo, kò sì rẹwà lójú, ṣùgbọ́n irin rẹ̀ nípọn dáadáa, ilé iṣẹ́ náà sì máa ń tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ láìka iye ẹni tó ti lò ó sẹ́yìn. Mi ò kórìíra rẹ̀ fún ẹni tí owó rẹ̀ kò tó.

Oríṣi kejì ni ìbọn dídára tí owó rẹ̀ wálẹ̀ nítorí pé ẹni tó ni ín ti gba òmíràn. Èyí ni mo fẹ́ fún ọmọ yín. Nígbà tí FBI padà sórí ọta 9mm ní nǹkan bí ọdún 2015, ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ọlọ́pàá Amẹ́ríkà tẹ̀lé wọn, wọ́n sì kó ìbọn Glock 22 wọn, tó ń lo ọta .40, lé àwọn oníṣòwò lọ́wọ́. Nǹkan bí 300 sí 400 dọ́là ni wọ́n máa ń tà á. Ara rẹ̀ yóò ti bó níbi tó ti ń fi ara ha àpò ìgbànú láti ọdún pípẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọlọ́pàá kì í yìnbọn ju ìgbà díẹ̀ lọ́dún, nítorí náà inú rẹ̀ sábà máa ń dà bí tuntun. Irú bẹ́ẹ̀ ni revolver (ìbọn tí ọta rẹ̀ ń wà nínú ìlù tó ń yí) Smith & Wesson Model 10, tí àwọn ọlọ́pàá lò fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kí ó má jẹ́ kí àwọ̀ tó bó lé òun sá, kí àwọ̀ tó ń dán má sì tàn án, torí àwọ̀ kọ́ ni ìbọn fi ń ṣiṣẹ́.

Bí ó bá ti gbà á lọ́wọ́ olùtajà, kí ó yí ẹnu rẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ ènìyàn, kí ó yọ mágasíìnì (àpótí kékeré tí ọta ń wà), kí ó fa slide (irin òkè ìbọn tó ń lọ síwá sẹ́yìn) sẹ́yìn, kí ó wo ilé ọta, kí ó sì ti orí ìka bọ̀ ọ́ láti mọ̀ pé òfìfo ni. Ìgbà tó bá ti ṣe èyí tán ni kí ó tó ṣe ohunkóhun mìíràn. Kí ó wá béèrè lọ́wọ́ olùtajà bóyá òun lè tú u. Olùtajà tí ọkàn rẹ̀ mọ́ kì í kọ̀.

Kí ó yọ ọ̀pá ìbọn, kí ó fi tọ́ọ̀ṣì wo inú rẹ̀ láti ẹ̀yìn. Ìlà yíyípo inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ hàn kedere. Bí ó bá rí òrùka dúdú kan tó yí inú rẹ̀ po, tàbí tí ọwọ́ rẹ̀ bá kan ibi tó wú ní ìta, ó túmọ̀ sí pé ọta kan há sínú ọ̀pá yẹn nígbà kan, wọ́n sì yin òmíràn lé e lórí. Ọ̀pá náà ti bàjẹ́. Ihò ìpẹtà kéékèèké kò burú tó bẹ́ẹ̀. Kí ó wo ẹ̀gbẹ́ ihò tí kòròfo ọta ń gbà jáde lára slide, àti ibi tí slide ti ń rìn lórí férémù (ara ìbọn nísàlẹ̀), bóyá irin ibẹ̀ ti sán. Kí ó wo èékánná kékeré tó ń fa kòròfo jáde, bóyá orí rẹ̀ ṣì mú tàbí ó ti kán.

Lẹ́yìn tó bá ti tò ó padà, kí ó gbé ẹnu ìbọn òfìfo náà sókè, kí ó fa slide sẹ́yìn díẹ̀, kí ó sì máa fi ọwọ́ tẹ̀lé e padà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bí sípíríìnì bá ṣì lágbára, slide yóò tìkára rẹ̀ padà dé àyè rẹ̀ pátápátá. Bí ó bá dúró lójú ọ̀nà, àfi kí ó fi àtàǹpàkò tì í, sípíríìnì ti rẹ̀ nìyẹn. Èyí kò ní kí ó má rà á, torí sípíríìnì tuntun kò wọ́n, ṣùgbọ́n ó lè fi bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n dín owó kù. Fún abẹ́rẹ́ tó ń lu ọta, kí ó ju pẹ́ńsù tó ní rọ́bà ní ìdí sínú ọ̀pá, kí ìdí onírọ́bà náà kọ́kọ́ wọlé, kí ẹnu ìbọn sì kọjú sókè, kí ó wá fa trígà. Pẹ́ńsù yóò fò jáde tààrà. Bí ìbọn bá ní séfútì (ohun tí a fi ń ti ìbọn kó má baà yìn), kí ó ti séfútì náà, kí ó fa trígà, kí ó fi í sílẹ̀, kí ó sì ṣí séfútì: òòlù (irin tó ń lu abẹ́rẹ́) kò gbọdọ̀ já nígbà náà. Bí òòlù bá já, ìbọn yẹn léwu, kò sì sí ẹ̀dínwó tó lè sọ ọ́ di ohun rere.

Ní ti revolver, kí ó fi àtàǹpàkò fa òòlù sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, kí ìka rẹ̀ kan sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ìlù ọta dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìlù náà gbọ́dọ̀ ti tì pa kí òòlù tó dé òpin, ní ihò kọ̀ọ̀kan. Ihò kan péré tí kò bá tì, a ó dá a padà.

Mágasíìnì ni mo fẹ́ dúró lé lórí jù, nítorí pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ híhá ìbọn ìléwọ́ ti ń wá, ọ̀dọ̀ rẹ̀ sì ni àwọn olùrà kì í wò. Kí ó wo ètè méjèèjì tó di ọta mú lókè: wọ́n gbọ́dọ̀ dọ́gba, kí wọ́n má fẹjú, kí wọ́n má sì tẹ̀ wọlé. Kí ó fi ìka tẹ pẹpẹ inú rẹ̀ sílẹ̀, kí ó rí i pé ó dìde padà kíákíá. Kí ó ra tuntun kan tí ilé iṣẹ́ ìbọn náà fúnra rẹ̀ ṣe, kí ó sì kọ nọ́ńbà sí ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó bá lọ dán an wò, bí ó bá jẹ́ pé ìgbà tí nọ́ńbà 2 bá wà nínú rẹ̀ nìkan ló ń há, ìbọn kò ṣẹ̀, nọ́ńbà 2 ni kí ó sọ nù.

Àyẹ̀wò orí tábìlì kò sì tó. Kí ó gbé e lọ sí pápá ìyìnbọn, kí ó yin ọta bíi 200, kí lára rẹ̀ sì jẹ́ irú ọta tí yóò máa gbé lọ síbi iṣẹ́ gan-an, torí orí àwọn ọta ààbò ní ihò, ìbọn mìíràn sì wà tó ń gbé ọta olórí róbótó láìṣòro tó jẹ́ pé oníhò ló ń há a lọ́rùn. Bí ó bá há lẹ́ẹ̀kan tí ìdí rẹ̀ sì hàn, a lè tún un ṣe. Bí ó bá ń há láìsí ìdí tí a rí, kò ṣeé fi sùn. Owó ọta yìí, ti mágasíìnì tuntun àti ti sípíríìnì wà lára owó ìbọn, nítorí náà kí ó má ná gbogbo 350 dọ́là náà tán sórí ìbọn nìkan.

Kí ó tún wo ìkànnì ilé iṣẹ́ tó ṣe é, bóyá wọ́n ti pè é padà fún àtúnṣe. Ní oṣù Ògún ọdún 2017 ni ilé iṣẹ́ ìbọn SIG kéde pé àwọn yóò tún ìbọn wọn tó ń jẹ́ P320 ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, lẹ́yìn tí ó hàn pé ó lè yìn fúnra rẹ̀ bí ó bá já lulẹ̀. Èyí tí wọn kò tíì tún ṣe lè wà lórí àtẹ àlòkù títí di òní.

Bàbá, ohun méjì ló kù. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Ọwẹ́wẹ̀ ọdún 2021, ọ̀pọ̀ ẹni tó ti pé ọdún 21 lè gbé ìbọn ìléwọ́ ní Texas láìgba ìwé àṣẹ, ṣùgbọ́n ọ̀gá ibi iṣẹ́ ṣì lè sọ pé òun kò fẹ́ ẹ nínú ṣọ́ọ̀bù òun. Kí ó béèrè kí ó tó náwó. Èkejì ni pé ìbọn náà kò gbọdọ̀ tẹ̀lé e wá sí Èkó láéláé, kì í ṣe nínú àpótí, kì í ṣe nínú dúrọ́ọ̀mù ẹrù.

Ìbéèrè: Ìdúmọ̀tà ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Ẹnì kan fi ìbọn ìléwọ́ lọ̀ mí, ó ní kò wọ́n, ó sì ní òun mọ ẹni tí yóò bá mi ṣe ìwé rẹ̀ ní àgọ́ ọlọ́pàá. Ṣé òótọ́ ni? — Oníṣòwò, Ìsàlẹ̀ Èkó.

Ìdáhùn: Irọ́ ni. Òfin ìbọn Nàìjíríà ti ọdún 1959 kó ìbọn ìléwọ́ àti revolver mọ́ àwọn ìbọn tí a kà léèwọ̀, Ààrẹ orílẹ̀-èdè nìkan ló sì lè fúnni ní àṣẹ irú wọn. Ìbọn ọdẹ tí a ń gba ìwé rẹ̀ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá yàtọ̀ sí èyí. Ẹni tí wọ́n bá bá a lọ́wọ́ rẹ̀ lè gba ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní ọdún 10, tàbí owó ìtanràn 20,000 náírà, tàbí méjèèjì. Ẹ má wo owó ìtanràn yẹn kí ẹ ní ó kéré, adájọ́ ló ń yan èyí tí yóò fún yín. Ẹ kò sì mọ ẹni tí wọ́n ti fi ìbọn náà pa. Ẹ má fọwọ́ kàn án, kódà láti fi wò ó bóyá ó dára.

Ìbéèrè: Ọkọ mi ṣaláìsí, mo sì rí ìbọn ìléwọ́ àtijọ́ kan nínú àpótí rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí. — Ìyá Ìbejì, Sùúrùlérè.

Ìdáhùn: Ẹ kú ọ̀fọ̀ o, Ìyá Ìbejì, Ọlọ́run yóò dúró tì yín. Ẹ ti àpótí náà padà, kí ẹ sì fi kọ́kọ́rọ́ pamọ́ fún àwọn ọmọ. Ẹ má gbé e sínú mọ́tò lọ síbikíbi, torí bí wọ́n bá dá yín dúró lójú ọ̀nà, àlàyé yóò ṣòro. Ẹ wá agbẹjọ́rò kan, kí ó kọ̀wé sí ọ̀gá ọlọ́pàá àgbègbè yín pé ẹ rí i nínú ẹrù olóògbé, ẹ sì fẹ́ fà á lé wọn lọ́wọ́, kí wọ́n wá gbé e fúnra wọn níṣojú agbẹjọ́rò náà. Ẹ rí i dájú pé wọ́n fún yín ní ìwé ẹ̀rí tí nọ́ńbà ìbọn náà, ọjọ́ tí wọ́n gbé e, àti orúkọ ọlọ́pàá tó gbà á wà nínú rẹ̀.