Gángan tó ń sá fún agogo nínú Sonic Pi: èsì sí ìbéèrè yín

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní ẹ gba ohùn gángan àti agogo sórí fóònù, ẹ kó wọn sínú Sonic Pi (ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń kọ orin bíi kóòdù), wọ́n bá ara wọn mu níbẹ̀rẹ̀, àmọ́ tó bá yí tó ẹ̀ẹ̀marùn-ún, gángan á ti já sẹ́yìn. Ẹ wá béèrè pé bpm (iye bíìtì ní ìṣẹ́jú kan) mélòó ni kí ẹ lò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi bpm sílẹ̀ ná. Kò sí iye bpm tó lè wo àrùn yìí sàn, bó ti wù kí àwọn olùkọ́ orí fídíò pariwo "120" tó.

Sonic Pi kì í dúró de ohùn. Tẹ́ ẹ bá ní kó lu fáìlì kan, á tú u sílẹ̀, á sì kọjá sí ìlà tó kàn lójú ẹsẹ̀. `sleep` nìkan ló ń sọ ìgbà tí nǹkan mìíràn máa bẹ̀rẹ̀. Ohun tí ẹ̀yin kọ ni `sleep sample_duration(gangan)`, ìyẹn ni pé kó dúró fún gígùn fáìlì gángan; ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Ẹ ní fáìlì gángan yín gùn tó ìṣẹ́jú àáyá 4.87. Agogo yín ń yí ní 2.4, tó túmọ̀ sí pé ìyípo méjì jẹ́ 4.8. Gángan wá ń fi 0.07 pẹ́ ní gbogbo ìgbà tó bá padà dé. Lẹ́ẹ̀kan, etí ò mọ̀ ọ́n. Tó bá di ẹ̀ẹ̀marùn-ún, ó ti di 0.35, nígbà tí ìṣísẹ̀ kan nínú méjìlá agogo yín kò ju 0.2 lọ. Onílù ò jẹ̀bi. Ta ló ń fi ọwọ́ lu ìlù ní 4.8 géérégé?

Ẹ kọ ọ́ báyìí:

```
use_bpm 300

live_loop :agogo do
  [2, 2, 1, 2, 2, 2, 1].each do |d|
    sample "C:/ilu/agogo.wav", amp: 0.7
    sleep d
  end
end

live_loop :gangan, sync: :agogo do
  sample "C:/ilu/gangan_01.wav", beat_stretch: 24
  sleep 24
end
```

300 yẹn kì í ṣe eré àsápajúdé. Ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni mo kà sí bíìtì kan, kí ẹ má bàa máa pín nǹkan sí mẹ́ta-mẹ́ta pẹ̀lú ojúùwọ̀n. Agogo alóhùn méje yìí, tí àwọn ará Kúbà náà ń lù nínú bẹmbẹ́ wọn, ìṣísẹ̀ méjìlá ló ní, kì í ṣe mẹ́rìndínlógún tí àwọn ọ̀gá sítúdíò máa ń fipá ki gbogbo ìlù wa bọ̀. Tẹ́ ẹ bá fi `echo` (gbohùngbohùn) kún un, ẹ rántí pé òun náà ń ka àkókò rẹ̀ ní bíìtì: `phase: 0.25`, ìyẹn àlàfo àárín ìró kan sí èkejì, ní 300 kò ju ìṣẹ́jú àáyá 0.05 lọ, á kàn máa dún bíi kòkòrò. Ẹ gbé e sí 3, kí ẹ sì kọ `max_phase: 3` mọ́ ọn, torí 2 ni òpin rẹ̀ tẹ́ ẹ ò bá yí i.

`beat_stretch` ló ń fi ipá mú 4.87 wọ inú 4.8, ìyẹn bíìtì 24. Bó ṣe ń ṣe é ni pé ó ń yí fáìlì náà kíákíá díẹ̀, ohùn á sì ga sókè díẹ̀. Níbí, kò ju ìdá mẹ́rin semitone (àlàfo ohùn tó kéré jù lórí dùùrù) lọ, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Tó bá jẹ́ pé ìṣẹ́jú àáyá 6 lẹ ń fún wọ 4.8, ohùn máa ga tó nǹkan bíi semitone mẹ́rin, gángan á wá dà bí ìlù ọmọdé. Ẹnìkan á sọ fún yín pé kí ẹ lo `pitch_stretch`, tó ń gbìyànjú kí ohùn má ga, dípò rẹ̀. Ẹ dán an wò kí ẹ gbọ́ bó ṣe ń ba ìró kọ̀ǹgọ́ jẹ́. Ohun tó dára ni kí onílù tún un lù ní eré tó yẹ.

Wàyí o, ibi tó ń pa èèyàn lẹ́kún. `beat_stretch` gbà pé láti ìbẹ̀rẹ̀ fáìlì dé òpin rẹ̀ ni ìlù náà. Kò mọ̀ pé ẹ fi ìdákẹ́jẹ́ sí iwájú, kò sì mọ̀ pé ìró tó ń kú lọ lẹ́yìn kì í ṣe ara òdiwọ̀n. Tí 0.06 ìdákẹ́jẹ́ bá wà níwájú, gbogbo ìlù ti pẹ́ tó nǹkan bí ìdá mẹ́ta ìṣísẹ̀ kan kó tó bẹ̀rẹ̀, ẹ lè fi oṣù kan máa yí bpm kiri, kò ní gbọ́. Tí ẹ bá sì gé fáìlì níbi tí ohùn ìkẹyìn parí sí, òdiwọ̀n ti bà jẹ́ nìyẹn. Ibi tó yẹ kí fáìlì parí sí ni ibi tí ohùn àkọ́kọ́ ìyípo tó tẹ̀ lé e ti máa bọ́ sí.

Nítorí náà, ẹ fi ìró agogo yẹn sí etí onílù, kó lu gbólóhùn kan náà ní ẹ̀ẹ̀mẹrin, ó kéré tán, láì dúró. Ẹ ṣí i nínú Audacity (ètò tí a fi ń gé ohùn), ẹ mú ẹ̀ẹ̀kejì tàbí ẹ̀ẹ̀kẹta, ẹ sún un mọ́jú dáadáa, ẹ gé e láti ìbẹ̀rẹ̀ ìró kọ̀ǹgọ́ àkọ́kọ́ dé ìbẹ̀rẹ̀ ìró àkọ́kọ́ tó tẹ̀ lé e. Ẹ tẹ Z kẹ́ ẹ tó gé e, kí ojú ibi tí ẹ gé má bàa máa ta pó. Ẹ fi pamọ́ ní WAV. Ẹ má rò pé `start: 0.06` máa yọ ìdákẹ́jẹ́ yẹn fún yín: láti 0 dé 1 ni `start` ń kà, ìdá fáìlì ni, kì í ṣe ìṣẹ́jú àáyá. Ìlà yẹn máa gbé nǹkan bíi 0.29 lọ nínú ìlù yín.

Tẹ́ ẹ bá gé e tán tí ohùn kò yí padà, ẹ má bínú fọ́ kọ̀ǹpútà. Sonic Pi ti fi fáìlì àtijọ́ sórí. Ẹ sáré `sample_free_all` kẹ́ ẹ tó tún un lù.

Ẹ máa ṣọ́ra fún fóònù o. Ọ̀pọ̀ wọn máa ń dín ohùn kù fúnra wọn tí ìlù bá le, wọ́n á sì ka ìró agogo tó ń rọra kú sí ariwo, wọ́n á gé e. Ẹ wá áàpù tó gbà kí ẹ pa gbogbo ìyẹn, ẹ gbé fóònù jìnnà tó mítà kan, kí ibi tó le jù má kọjá -6 dB. Kí onílù má fi í ránṣẹ́ ní voice note WhatsApp. Kó fi í ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí ìwé, ìyẹn document.

Tí jẹnẹrétọ̀ bá ń hùn lábẹ́ ohùn, àwọn kan á ní kí ẹ fi `hpf: 80` (`hpf` ló ń gé ohùn ìsàlẹ̀) gé e. Irọ́ ni! Nọ́ńbà nóòtì MIDI (tí a fi ń ka ohùn orí dùùrù) ni Sonic Pi ń lò níbẹ̀, kì í ṣe Hz (iye ìgbà tí ohùn ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan). 80 yẹn jẹ́ nǹkan bíi 830 Hz, á fa ikùn gángan yọ pátápátá. 40 ló tó 82 Hz.

Ẹ má sì lo `slice: rand_i(16)`, tó ń ṣàdédé mú ègé kan nínú mẹ́rìndínlógún, lórí gángan. Lórí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, kò burú. Gángan ń sọ̀rọ̀. Ọgbọọgba ni slice ń gé e, á gé e láàrin ibi tí onílù ti ń fa ọ̀sán, ẹni tó gbọ́ ìlù á máa bi yín pé kí lẹ ń sọ, ó sì lè di èébú. Ẹ fi ọwọ́ gé e ní gbólóhùn-gbólóhùn sínú fódà kan, kí orúkọ wọn jẹ́ 01, 02, kì í ṣe 1, 2, torí 10 máa ṣáájú 2. `sample "C:/ilu/gbolohun/", 2` á mú ìkẹta, torí láti òdo ló ti ń kà. Ẹ lo `/`, ẹ má lo `\`, kódà lórí Windows.

Tí ohùn bá ń ta pó-pó tàbí tí Sonic Pi ń kọ pé òun kò lè bá àkókò mu, ẹ wo ibi tí `with_fx` (ìlà tó ń fi echo tàbí reverb, ìyẹn ìró inú gbọ̀ngàn, kún ohùn) wà. Tó bá wà nínú `live_loop`, ó ń dá reverb tuntun sílẹ̀ nígbà kọ̀ọ̀kan. Ẹ gbé e síta, kó yí `live_loop` ká.

Bọ́tìnì Rec á fi gbogbo rẹ̀ pamọ́ ní WAV. Ẹ jẹ́ kí onílù fọwọ́ sí ìwé kẹ́ ẹ tó gbé e jáde, torí òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọnà ti 2022 ní Nàìjíríà fún ẹni tó lù ú ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀. Tẹ́ ẹ bá da ìlù ọ̀fẹ́ látinú àpò tí gbogbo ayé ń lò mọ́ ọn, ẹ̀rọ àwọn tó ń pín orin lè sọ pé ẹlòmíràn ló ni orin yín, ẹ ó sì máa kọ̀wé sí àwọn tí kì í fèsì.