Pẹ́ẹ̀nì dípò máòsì: ibi tó ti máa ń sú èèyàn

Ẹ̀yin tí ọrùn ọwọ́ ń dùn nítorí máòsì, tí ẹ ń béèrè bóyá pen tablet, ìyẹn pátákó pẹlẹbẹ tí à ń fi pẹ́ẹ̀nì rẹ̀ darí ọfà ojú kọ̀ǹpútà, lè gba iṣẹ́ máòsì ṣe: ó lè gbà á. Ṣùgbọ́n ẹ má ra ńlá. Tablet Wacom Intuos kékeré, tí ojú ìkọ̀wé rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 152 sí 95, ti tó fún ìmeèlì, Excel àti íntánẹ́ẹ̀tì. Bó bá tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ, gbogbo apá ni yóò máa rìn kiri. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún ayàwòrán.

Ohun tó ń mú kí àwọn èèyàn pa á tì lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ ni pé wọ́n ń wọ́ pẹ́ẹ̀nì rẹ̀ bíi máòsì. Igun tablet ni igun ojú kọ̀ǹpútà. Ibi tí ẹ bá gbé pẹ́ẹ̀nì lọ ni ọfà ń fò lọ. Bíi mìlímítà 7 lókè ni tablet ti ń rí i, nítorí náà òkè ni kí ẹ ti máa gbé e rìn. Ìgbà tí ẹnu rẹ̀ bá kanlẹ̀ ni ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ nǹkan. Mouse mode wà nínú ètò rẹ̀, ẹ má yà síbẹ̀: ó ń sọ pẹ́ẹ̀nì dáadáa di máòsì burúkú.

Lórí Windows, títẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì ni wàhálà gan-an. Ọwọ́ kì í balẹ̀ sójú kan náà lẹ́ẹ̀mejì, fáìlì á wá sún kúrò láyè rẹ̀ dípò kó ṣí. Ẹ fi double click sí bọ́tìnì òkè lára pẹ́ẹ̀nì, kí ẹ fi right click sí ti ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wá Pen and Touch nínú Control Panel, kí ẹ pa press and hold. Òun ló ń fa òrùka kékeré tó máa ń yọ yí ọfà ká, tí ohun tí ẹ fẹ́ fà kò fi ní tètè gbéra. Bí ẹ bá fẹ́ fa ọ̀rọ̀ yàn nínú Chrome, tó jẹ́ pé ojú ìwé ló ń sún, ẹ yọ àmì kúrò níwájú Use Windows Ink nínú ètò Wacom.

Ní ti scroll, ìyẹn yíyí ojú ìwé sókè sódò, ẹ má ju máòsì nù. Ẹ gbé e sápá òsì, kí ẹ máa yí àgbá rẹ̀.

Ẹnu pẹ́ẹ̀nì máa ń jẹ. Bó bá ti tẹ́jú bí ẹnu ṣísẹ̀lì, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kó tó fa ojú tablet ya.

Bí ẹ bá fẹ́ tẹ kíbọ́ọ̀dù, ẹ má fi pẹ́ẹ̀nì lé orí tablet. Ó ṣì ń rí i, ọfà á sì máa gbọ̀n. Ẹ há a sáàárín ìka méjì, kí ẹ máa tẹ̀ lọ.