Ẹ má san owó sátífíkéètì kóòṣì lacrosse fún ẹnikẹ́ni

Ìbéèrè: Ọmọ mi obìnrin ń gbá lacrosse, eré bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fi ọ̀pá alápò gbá, ní yunifásítì kan níbí ní Maryland, oṣù karùn-ún ni yóò jáde. Igbákejì kóòṣì ló ní òun fẹ́ ṣe. Ọ̀gbẹ́ni kan ní kí n san 3,000 dọ́là fún sátífíkéètì tí yunifásítì ńlá á fi gbà á kíákíá. Ṣé kí n san án?

Ìdáhùn: Ẹ má san kọ́bọ̀, ìyá wa. Irú ìbéèrè yìí ti pọ̀ jù lọ́dọ̀ mi, inú sì ń bí mi sí àwọn tó ń jẹun lára òbí báyìí.

NCAA, àjọ tó ń darí eré ìdárayá láàárín àwọn yunifásítì, kò ní láìsẹ́ǹsì kankan tí ènìyàn gbọ́dọ̀ gbà kó tó ṣe kóòṣì lacrosse obìnrin. Ilé-ìwé tó bá gbà á ni yóò kọ́ ọ ní òfin, tí yóò sì wádìí bóyá ó ti dá ọ̀ràn rí. Wọ́n lè béèrè ìwé-ẹ̀rí CPR, ìyẹn bí a ṣe ń dóòlà ẹni tí ọkàn rẹ̀ dáwọ́ dúró. Ìyẹn kò wọ́n. USA Lacrosse, àjọ eré náà ní Amẹ́ríkà, náà ní ẹ̀kọ́ fún kóòṣì. Ẹ̀kọ́ gidi ni, ṣùgbọ́n àwọn tó ń kọ́ ọmọdé ló wúlò fún jù, n kò sì rí olórí kóòṣì tó torí rẹ̀ gba ènìyàn rí.

Fóònù ló ń gbani síṣẹ́ yìí. Olórí kóòṣì tó ń wá igbákejì á pe ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, á ní, "Ta lo ní?" Ohun tó sì ń wá kò fara sin. Ṣé ọmọ yìí lè gé fídíò kó fi ibi tí alátakò ti kù díẹ̀ káàtó hàn? Ṣé ó lè kọ́ àwọn tó ń ja draw, ìyẹn bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ eré lẹ́yìn góòlù? Jù gbogbo rẹ̀ lọ, ṣé ojú rẹ̀ mọ ọmọ tó máa dára? Láti 2017, òfin kò jẹ́ kí kóòṣì Division I, ìpele tó ga jù nínú NCAA, bá ọmọ sọ̀rọ̀ pé kó wá gbá fún òun, àfi bó bá di September 1 ọdún tí ọmọ náà wọ kíláàsì kọkànlá. Nítorí náà, lóṣù kẹfà àti ìkeje, igbákejì kóòṣì á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá nínú oòrùn látàárọ̀ dalẹ́, á máa wo àwọn ọmọ tí kò tíì gbọdọ̀ bá sọ̀rọ̀, á máa kọ nọ́ńbà aṣọ wọn sílẹ̀. Ta ló ń ta irú ojú bẹ́ẹ̀ ní 3,000 dọ́là?

"Kíákíá" náà, irọ́ ni. Kelly Amonte Hiller, ògbólógbòó agbá-lacrosse Maryland, ṣe igbákejì ní Brown, UMass àti Boston University kó tó di olórí ní Northwestern. Ẹgbẹ́ ibẹ̀ padà sórí pápá ní 2002, ó gba ife ẹ̀yẹ NCAA ní 2005.

Ní ti ọmọ yín, ipò graduate assistant ni kó kọ́kọ́ wá, pàápàá ní Division II àti III: yóò máa kọ́ àwọn ọmọ, ilé-ìwé á máa bá a san owó máàsítà, bóyá pẹ̀lú owó táṣẹ́rẹ́. Ipò volunteer, ìyẹn kóòṣì tí kò gba owó oṣù, ní Division I ni àwọn kan ń gbà wọlé tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n NCAA ti fagi lé e ní July 2023. Kí ó tó fọwọ́ síwèé níbikíbi, kó béèrè iye ọdún tó kù nínú àdéhùn olórí kóòṣì. Bí wọ́n bá lé olórí, àwọn igbákejì sábà máa ń bá a lọ.

Bí kò bá jẹ́ ọmọ onílùú, tó jẹ́ físà akẹ́kọ̀ọ́ F-1 ló ń lò, 90 ọjọ́ ṣáájú ìparí ẹ̀kọ́ ló ti lè bẹ̀rẹ̀ ìwé OPT, ìyẹn àṣẹ láti ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ẹ̀kọ́. Èmi kì í ṣe agbẹjọ́rò. Ọ́fíìsì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè ni kó lọ bá, kó má sì fi falẹ̀.

Lọ́sẹ̀ yìí, kó jókòó ti kóòṣì tirẹ̀, kó sọ fún un pé iṣẹ́ yìí lòun fẹ́, kó ní kó jẹ́ kóun máa gé fídíò. Bí ẹ bá sì ti san nínú owó yẹn, ẹ béèrè rẹ̀ padà, ẹ tọ́jú rìsíìtì àti gbogbo ohun tí ọ̀gbẹ́ni yẹn kọ ránṣẹ́ sí yín. Ọ́fíìsì Attorney General ti Maryland ní ẹ̀ka tó ń gba ẹ̀sùn irú èyí.