Ìbéèrè Òǹkàwé: Kí Ló Dé Tí Irin Fi Ń Là Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ojú Jíjó?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Iṣẹ́ jórin-jórin ni mò ń ṣe ní Dei-Dei, nílùú Àbújá. Páìpù onígun mẹ́rin tí ara rẹ̀ kò nípọn ju mílímítà 1.5 lọ ni mo fi ń ṣe férémù ìkẹ́rù fún àwọn oníkẹ̀kẹ́ NAPEP. Kì í pẹ́ tí wọ́n fi ń gbé e padà wá pé ó ti là, bẹ́ẹ̀ ojú jíjó kì í tú; ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni irin ti ń là. Mo fi kún jíjó, mo tún ra irin tó le ju ti tẹ́lẹ̀, pàbó ló já sí. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ọ̀gá wa, ẹ̀gbẹ́ tí ẹ kíyèsí yẹn ni ìdí ọ̀rọ̀ wà. Kì í ṣe pé ẹrù pọ̀ ju agbára irin lọ. Àárẹ̀ ló mú un. Irin tó lè ru ẹrù kan fún ọdún gbọọrọ bí nǹkan kan kò bá mì í, á là lábẹ́ ẹrù tó kéré sí i púpọ̀ bí a bá ń tẹ̀ ẹ́ tí a sì ń dá a sílẹ̀ nígbà àìmọye, ohun tí kòtò ojú ọ̀nà sì ń fi férémù yín ṣe nìyẹn.

Níbi tí jíjó ti pàdé ara páìpù, igun kan wà tí agbára ń wọ́ jọ sí, iná sì máa ń fi ìlà tíntìntín, ìyẹn ibi tí irin ti là díẹ̀, sílẹ̀ níbẹ̀. Bí ojú jíjó bá sì ti ń tutù ni ó ń súnkì, tí ó ń fa irin kí ẹrù kankan tó dé orí rẹ̀. Ìdí nìyí tí irin líle kò fi ràn yín lọ́wọ́: àǹfààní rẹ̀ ni pé ó máa ń pẹ́ kí ìlà tó bẹ̀rẹ̀ lára rẹ̀, iná sì ti bá a bẹ̀rẹ̀ ìlà náà. Lára irin fẹ́lẹ́, ó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí iná bá jẹ ẹ̀gbẹ́ wọlé ní ìdajì mílímítà, kò tó nǹkan lára irin mílímítà 10, ṣùgbọ́n ìdá kan nínú mẹ́ta páìpù yín ni.

Ẹ dín iná kù, kí ẹ lo ẹlẹ́kítíróòdù (ọ̀pá jíjó) tín-ín-rín, géèjì 12, kí ẹ má sì kó jíjó jọ gègèrè. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé kí ẹ gbé oríkèé, ibi tí ẹ ti jó páìpù pọ̀, kúrò níbi tí férémù ti ń tẹ̀ jù, nítorí bí ìfàsẹ́yìn-fàsíwájú tó ń bá ojú jíjó bá dín sí ìdajì, ọjọ́ ayé rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́jọ.

Ẹ ṣọ́ra fún ìkọ́ okùn kéékèèké tí a máa ń jó mọ́ páìpù ńlá. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹta ọdún 1980, Alexander L. Kielland, ilé irin tí àwọn òṣìṣẹ́ epo ń gbé lórí Òkun Àríwá, dojú dé, ènìyàn 123 sì kú. Ibi jíjó mílímítà 6 péré, tí wọ́n fi mú ohun èlò kékeré kan mọ́ òpó rẹ̀, ni ìlà náà ti bẹ̀rẹ̀. Ìkọ́ okùn yín, bẹ́líìtì irin ni kí ẹ fi dè é mọ́ páìpù, ẹ má jó o.

Èyí tó bá sì ti là, ẹ má jó o bo ìlà mọ́lẹ̀, torí abẹ́ rẹ̀ ni yóò ti máa là lọ. Ẹ gé ibẹ̀ kúrò, kí ẹ fi páìpù tuntun rọ́pò rẹ̀.