Òjé yín tó ń hunjọ, àti eruku tí mo gbé wọlé fún ọmọ mi

Ẹ kú ìbéèrè. Ẹ ní òjé tí ẹ ń dà fún okùn ìpẹja ń hunjọ lára, pé etí rẹ̀ kì í kún inú móòdù tí ẹ ń dà á sí, ẹ wá ń béèrè bóyá kí ẹ fi kún iná. Ọdún mẹ́fà gbáko ni mo fi da òjé nínú ilé. Ẹ má fi kún iná, móòdù yín ló tutù. Ẹ rí i dájú pé kò sí omi lára rẹ̀, kí ẹ wá ti igun rẹ̀ kan bọ inú òjé yíyọ́ títí òjé kò fi ní lẹ̀ mọ́ ọn mọ́. Ẹ da bíi márùn-ún àkọ́kọ́ padà sínú ìkòkò, àwọn tó bá tẹ̀lé e á dán. Òjé ń yọ́ ní 327 lórí ìwọ̀n Celsius; bí iná bá wà láàárín 350 sí 400, ó ti tó. Gbígbọ́n ìdàrọ́, ìdọ̀tí tó ń léfòó lójú òjé, kúrò, fífi ìda sí i, ẹ̀yin náà ti mọ ìyẹn.

Ohun tí ẹ kò béèrè ló gbé mi kọ̀wé. Ẹ mẹ́nu bà á gẹ́rẹ́ pé ilé ìdáná lẹ ti ń dà á, pé lẹ́yìn tí ọmọ bá ti sùn ni. Ọ̀rọ̀ yẹn kò jẹ́ kí n lè sùn lánàá.

Nígbà tí èmi náà ń da òjé nílé, inú ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í run mí. Á lọ́ mi nínú bí ẹni ń fún aṣọ tútù, á dáwọ́ dúró, á tún dé. Mo lè lo ọjọ́ márùn-ún láì yàgbẹ́. Orí ń fọ́ mi, oorun kò kún ojú mi, gbogbo ohun tí ìyàwó mi bá sọ ló ń bí mi nínú. Nígbà tó yá, ọwọ́ ọ̀tún mi bẹ̀rẹ̀ sí í rọ, débi pé kọ́kọ́rọ́ á bọ́ lọ́wọ́ mi lẹ́nu ilẹ̀kùn, màá dúró máa wò ó nílẹ̀.

Dókítà mẹ́ta ni mo rí láàárín oṣù márùn-ún. Ẹni àkọ́kọ́ ní ọgbẹ́ inú ni, ó fún mi ní oògùn oṣù méjì. Ẹni kejì ní ìrònú ló pọ̀ jù lórí mi, kí n lọ sinmi. Mo gbà á gbọ́, mo gba ìsinmi, ìdí ìkòkò òjé ni mo sì jókòó sí, torí ibẹ̀ lọkàn mi máa ń balẹ̀ sí. Ẹni kẹta kò tilẹ̀ gbójú kúrò lára kọ̀ǹpútà rẹ̀ tó fi kọ oògùn ìgbẹ́ fún mi. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó bi mí pé, "Kí lẹ máa ń fi ọwọ́ yín ṣe?" Ìbéèrè kan péré! Ó ṣì ń dùn mí títí di òní.

Nọ́ọ̀sì kan tó ń bá oníṣègùn eyín ṣiṣẹ́ ló rí i, ọmọdébìnrin tí kò tíì pé ọdún kan lẹ́nu iṣẹ́. Ó fa ètè mi ìsàlẹ̀, ó tan iná sí i, ó dákẹ́. Ó gbé dígí fún mi. Ilà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà níbi tí ẹran ìdí eyín ti pàdé eyín, àwọ̀ rẹ̀ dà bí eérú tí wọ́n po aró mọ́. Ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́ sà, iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe?" Mo ní akọ̀wé ni mí. Ó ní, "Tẹ́ ẹ bá délé ńkọ́?"

Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò: òjé inú rẹ̀ jẹ́ 58 máíkírógíráàmù nínú désílítà kan. Wọ́n ní kí n gbé gbogbo ilé wá. Ti ìyàwó mi jẹ́ 9. Ti ọmọ mi, ọmọ oṣù mẹ́rìnlá, jẹ́ 19. Ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 2021, bí ti ọmọdé bá ti tó 3.5, àjọ CDC tó ń dènà àrùn níbẹ̀ ní kí wọ́n tètè wá ibi tó ń gbà wọlé. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kò sí ìwọ̀n kankan tí a mọ̀ pé kò léwu, pé ara ọmọdé sì ń gba òjé tó bá gbé mì ní ìlọ́po mẹ́rin sí márùn-ún ti àgbàlagbà. Ọmọ mi kò wọ yàrá tí mo ti ń da òjé rí, kódà lẹ́ẹ̀kan.

Èmi ni mo gbé e wá fún un. Ṣẹ́ẹ̀tì tí mo fi ń ṣiṣẹ́ náà ni mo fi ń gbé e mọ́ àyà, eyín sì ń hù lẹ́nu rẹ̀ nígbà náà, ló bá ń jẹ kọ́là mi. Sílípáàsì mi máa ń wà lórí ẹní lẹ́nu ọ̀nà. Lọ́jọ́ tí mo gbé e kúrò níbẹ̀, àmì ẹsẹ̀ méjèèjì wà lórí ẹní náà bí ẹni fi pẹ́ńsù kùn ún. Ibẹ̀ gan-an lọmọ náà ń rákò gbà.

Èéfín ni gbogbo wa ń sá fún. Mo ṣí fèrèsé, mo tan fáànù, mo bo imú, mo gbà pé mo ti ṣe gbogbo ohun tó yẹ. Bí iná kò bá ti pọ̀ jù, òjé kì í fi bẹ́ẹ̀ tú èéfín jáde. Eruku ni, eruku ìdàrọ́ tó fúyẹ́, tó ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, irun àti aṣọ, tí èèyàn á wá fi ọwọ́ náà jẹun. Ìyẹn ni mo ṣe ní ẹ má fi kún iná: bí iná bá ṣe pọ̀ tó ni ìdàrọ́ ṣe ń pọ̀ tó.

Òṣìṣẹ́ ìlera tí wọ́n rán wá wo ilé wa ní kí n gbálẹ̀ dáadáa. Kí n gbálẹ̀! Ìgbálẹ̀ gbígbẹ ló ń gbé eruku náà sókè kó tó tún balẹ̀ síbòmíràn. Aṣọ tútù àti ọṣẹ ni kí ẹ fi nù ún, kí ẹ da omi yẹn nù, kí ẹ tún nù ún. A kó ẹní náà jù nù. Aṣọ iṣẹ́ kò gbọdọ̀ bá ti ọmọ pàdé nínú omi ìfọṣọ kan náà.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta oògùn tó ń "fọ òjé kúrò lára" fún yín. Oògùn gidi wà tí dókítà ń lò, ṣùgbọ́n ó ní iye òjé tó gbọ́dọ̀ wà nínú ẹ̀jẹ̀ kí wọ́n tó lò ó, àti pé bí ẹni tó ń lò ó bá ṣì ń pàdé òjé nílé, ó lè kó bá a. Ní tiwa, wọ́n ní kí n jáwọ́ pátápátá, kí ọmọ máa jẹ ohun tó ní irin àti kálísíọ̀mù, kí a máa padà wá fún àyẹ̀wò. Ti inú ẹ̀jẹ̀ máa ń dín kù láàárín oṣù mélòó kan, ṣùgbọ́n egungun ń tọ́jú tirẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, á sì máa tú u padà díẹ̀díẹ̀. Ọdún kan lẹ́yìn náà, èmi wà ní 14, ọmọ mi wà ní 6. Ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. Kò sí dókítà tó lè sọ fún mi bóyá òjé ló fà á, bí mo sì ti ń gbọ́ ohùn rẹ̀ báyìí, mo ṣì ń ronú nípa rẹ̀.

Tí òjé yín bá ti inú bátìrì mọ́tò wá, ẹ kó o kúrò nílé lónìí. Nǹkan mìíràn wà nínú rẹ̀ yàtọ̀ sí òjé, ìdàrọ́ rẹ̀ tí omi bá kàn sì lè tú gáàsì tó ń pani jáde. Bákan náà, ẹ̀kán omi kan péré tó bá bọ́ sínú òjé yíyọ́ á gbá gbogbo ìkòkò náà síta. Mo ní àpá rẹ̀ lọ́rùn.

Ẹ jẹ́ n padà sí móòdù yín. Bó bá ti gbóná dáadáa tí etí òjé kò sì kún, afẹ́fẹ́ ni kò ríbi gbà jáde: ẹ fi ohun mímú fa ilà tẹ́ẹ́rẹ́ kan láti igun yẹn síta. Bí òjé bá ń dì kúlúkúlú lójú, ó ṣeé ṣe kí síńkì ti wọ̀ ọ́. Síńkì kì í yọ́ títí di nǹkan bí 420, tí ẹ bá fi iná sílẹ̀ ní 350 ẹ lè gbọ́n ọn kúrò lójú kó tó yọ́. Èmi kò dà á mọ́. Nọ́ọ̀tì irin ni mo ń so mọ́ okùn. Ní England, láti ọdún 1987 ni wọ́n ti fòfin de títa òjé ìpẹja tó wà láàárín 0.06 gíráàmù sí 28.35, nítorí àwọn ẹyẹ swan tó ń gbé e mì tí wọ́n ń kú.

Kí ẹ tó tún tan iná, ẹ gbé ọmọ yẹn lọ fún àyẹ̀wò. Bí wọ́n bá gún un lórí ìka tí iye rẹ̀ sì pọ̀, ẹ ní kí wọ́n tún fa ẹ̀jẹ̀ láti iṣan apá, torí eruku tó wà lórí awọ ìka lè wọ inú rẹ̀ kó sì yí èsì padà. Ẹ gba iye náà lákọsílẹ̀. Ẹ má gbà kí wọ́n kàn sọ fún yín pé kò sí nǹkan.