Gbogbo wọn ní èrò mi dára: ṣé kí n fowó sí i?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ ṣe áàpù tí àwọn télọ̀ á máa kọ ìwọ̀n oníbàárà wọn sí, tí á sì máa rán wọn létí ọjọ́ tí aṣọ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ jáde. Mo ti bi nǹkan bí èèyàn 20, ọ̀rẹ́ àti ẹbí ló pọ̀ jù nínú wọn. Gbogbo wọn ní ó dára gan-an. Ṣé kí n fi owó tí mo ti tọ́jú bẹ̀rẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣì mú owó yẹn dání. Àwọn tí ẹ bi fẹ́ràn yín, wọn ò ní fẹ́ bà yín lọ́kàn jẹ́. Ó sì ṣeé ṣe kí púpọ̀ nínú wọn má jẹ́ télọ̀ rárá. Ìbéèrè náà tún lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Bí ẹ bá kọ́kọ́ ṣàlàyé èrò yín, tí ẹ wá béèrè pé "Ṣé ẹ máa rà á?", ẹ ti fi ìdáhùn sí wọn lẹ́nu. Ẹnu dùn ún ròfọ́: ẹni tí kò ní sanwó lónìí kò pàdánù nǹkan kan bó bá ní òun á rà á.

"Télọ̀" náà ti fẹ̀ jù. Ẹni tó ń dá rán aṣọ 3 lọ́sẹ̀ lè há gbogbo ìwọ̀n sórí; ìṣòro ẹni tó ní ọmọọṣẹ́ 5 yàtọ̀ pátápátá. Ẹ mú irú kan ṣoṣo, kí ẹ bá èèyàn 10 sí 15 nínú wọn sọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ìṣẹ́jú 20 sí 30. Bí ọ̀rọ̀ wọn bá ṣì ń ta kora lẹ́yìn ẹni kẹwàá, a jẹ́ pé irú èèyàn méjì lẹ dà pọ̀.

Ẹ má tíì dárúkọ áàpù. Ohun tó ti ṣẹlẹ̀ ni kí ẹ béèrè: "Ìgbà wo ni aṣọ pẹ́ lọ́wọ́ yín kẹ́yìn? Kí ló fà á? Kí lẹ ṣe sí i? Èló ló ná yín?" Bí ẹ bá ti béèrè tán, ẹ pa ẹnu mọ́, kódà bí ibẹ̀ bá pa lọ́lọ́. Ọ̀rọ̀ tó ṣe pàtàkì sábà máa ń tẹ̀ lé ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn.

Lẹ́yìn náà, ẹ ní kí wọ́n fi ìwé tí wọ́n ń kọ ìwọ̀n sí hàn yín, kí ẹ sì fara balẹ̀ wò ó. Ṣé wọ́n pa ìwọ̀n kan rẹ́, tí wọ́n kọ òmíràn há ẹ̀gbẹ́ rẹ̀? Àbí bébà pélébé ni wọ́n fi píìnì há mọ́ aṣọ? Bébà yẹn gan-an lẹ ń bá du ọjà. Ẹni tó ti ń ya fọ́tò ojú ewé kọ̀ọ̀kan nítorí pé ìwé rẹ̀ kan ti sọnù rí, òun lẹ ń wá. Ẹni tó ní ìṣòro náà le, àmọ́ tí kò tíì ṣe ohunkóhun sí i, kò tíì dùn ún dé eegun.

Ẹ tún lè rí i pé ìgbàgbé kọ́ ló ń mú aṣọ pẹ́, pé iṣẹ́ tí wọ́n gbà ló pọ̀ ju ọwọ́ wọn lọ. Ìránlétí kò lè wo ìyẹn sàn, ó sì sàn kí ẹ mọ̀ ọ́n báyìí.

Ọ̀rọ̀ ẹnu wọn gẹ́lẹ́ ni kí ẹ kọ sílẹ̀, kì í ṣe ìtumọ̀ tí ẹ fún un. Kí ẹ tún un kà lọ́jọ́ náà.

Ìparí ìjíròrò ni kí ẹ tó sọ èrò yín, kí ẹ sì béèrè ohun tó máa ná wọn ní nǹkan: àsansílẹ̀ kékeré tí ẹ máa dá padà bí iṣẹ́ kò bá wáyé, tàbí kí wọ́n mú yín lọ bá télọ̀ mìíràn. "Ẹ pè mí tó bá ti ṣe tán" kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni.

Kí ẹ tó kọ áàpù kankan, ẹ mú télọ̀ 3, kí ẹ máa fọwọ́ yín tẹ ìwọ̀n wọn sínú kọ̀ǹpútà, kí ẹ sì máa fi àtẹ̀jíṣẹ́ rán wọn létí fún ọ̀sẹ̀ 4. Bí wọ́n bá dẹ́kun fífi ìwọ̀n ránṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ lọ béèrè ìdí. Bó bá sì jẹ́ pé àwọn fúnra wọn ló ń pè yín lọ́jọ́ tí àtẹ̀jíṣẹ́ bá pẹ́, ẹ lè wá lọ bá ẹni tó máa kọ áàpù náà dúnàá-dúrà.