Èsì: Ṣíṣáájú ẹgbẹ́ asáré kìlómítà 21

Ẹ kú ìmúra o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní wákàtí 1 àti ìṣẹ́jú 58 lẹ fi ń sá kìlómítà 21, wọ́n sì ní kí ẹ ṣáájú àwọn tó fẹ́ fi wákàtí méjì sá a tán nínú eré ìje Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbà á. Ẹ ó máa gbé àsíá tí wọ́n kọ àsìkò ẹgbẹ́ yín sí, ẹ ó máa sọ̀rọ̀, ẹ ó máa wẹ̀yìn; ó yẹ kí ẹ lè fi ìṣẹ́jú 15, ó kéré tán, yá ju àsìkò tí ẹ ń darí lọ. Wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 30 ló bá yín mu.

Ìyẹn ni ìṣẹ́jú 7 àti sẹ́kọ́ǹdì 6 (7:06) fún kìlómítà kan. Aago ọwọ́ sábà máa ń ka ọ̀nà gùn ju bó ṣe rí lọ, nítorí náà àmì ojú ọ̀nà ni kí ẹ tẹ̀lé: 35:30 ní àmì kìlómítà 5, 1:11:00 ní àmì 10, 1:46:30 ní àmì 15.

Kìlómítà àkọ́kọ́ ló ń ba nǹkan jẹ́ jù. Ìlù ń dún, ara ti gbóná, ẹni tó ń ṣáájú á sá a ní 6:30, á ní òun ń tọ́jú àsìkò pamọ́. Àwọn tó tẹ̀ lé e ló máa fi ẹsẹ̀ san gbèsè yẹn ní àmì 16.

Tí ẹ bá ń gun òkè, èémí wọn ni kí ẹ gbọ́: ẹni tí kò lè sọ gbólóhùn kan tán ti ń sáré jù, ẹ dẹwọ́. Sẹ́kọ́ǹdì 10 tó bá lọ níbi omi, díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ gbà á padà láàárín kìlómítà kan sí méjì.